Lẹ́yìn Eré Ìdárayá: Ṣé Kí Á Fi Oúnjẹ Dípò Agbára Tí A Lò?

 

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí lọ́kùnrin lóbìnrin, ẹ̀kọ́ wa ti oṣù yìí kì í ṣe lórí ìrun tàbí sàká. Ọ̀rọ̀ ara ni, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé a ó kan ààwẹ̀ díẹ̀ kí á tó dákẹ́. Láti ìgbà tí àwọn arákùnrin ti ń gbá bọ́ọ̀lù ní òwúrọ̀ Sátidé, tí àwọn arábìnrin náà sì ń kó ara wọn jọ lọ́tọ̀ fún ìrìn kánkán, ìbéèrè kan kì í yé wá bá wa. Bí ènìyàn bá ń gbìyànjú láti dín ìsanra rẹ̀ kù, tí ó ti mọ ìwọ̀n oúnjẹ tí ó yẹ kí ó jẹ lóòjọ́, tí ó wá sáré tàbí tí ó rìn títí òógùn fi bò ó, ṣé kí ó fi nǹkan kún oúnjẹ ọjọ́ náà láti dípò agbára tí ara lò ni, tàbí kí ó dúró sí ìwọ̀n tí ó ti là sílẹ̀?

Àwọn kan ní kí á jẹ gbogbo rẹ̀ padà, nítorí pé aago ọwọ́ wọn sọ fún wọn pé wọ́n ti lo kálórì 500. Àwọn mìíràn ní ẹni tí ó bá jẹ ẹyọ kan padà ti fi eré náà ṣòfò. A ti rí ìyọrísí ọ̀nà méjèèjì. A rí ẹni tí ó sáré fún oṣù mẹ́ta gbáko tí òṣùwọ̀n kò mì. A sì rí arábìnrin tí ó ń múra ìgbéyàwó, tí òòyì kọ́ ọ láàárín ìrun Asubaa, nítorí pé ó ti tó ọjọ́ mẹ́wàá tí ó ti ń jẹ oúnjẹ ọmọ kékeré tí ó sì ń fo okùn ní ìrọ̀lẹ́. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà lásán.

Kí á tó dé orí ìṣirò, ẹ jẹ́ kí á fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀. Nínú Súrà Al-Aʿrāf, āyà 31, Ọlọ́hun pa àṣẹ jíjẹ àti mímu pọ̀ mọ́ ìkìlọ̀ lórí àṣejù. Ọ̀rọ̀ Lárúbáwá tí a ti fa àṣejù yọ níbẹ̀ ni isrāf, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni kí ènìyàn kọjá ààlà. Ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni ààlà ní. Ṣùgbọ́n ẹ ka Súrà Al-Furqān, āyà 67, níbi tí ọ̀rọ̀ wà lórí owó níná: ìnákúnàá wà ní apá kan, ahun wà ní apá kejì, àárín méjèèjì ni àwọn ẹni ire dúró sí. Ọ̀rọ̀ owó ni āyà yìí, a kò ní purọ́ mọ́ ọn pé ti kálórì ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń fi ebi na ara rẹ̀ nítorí kí aṣọ ìyàwó lè bá a mu, kí ó wo apá kejì yẹn dáadáa.

Hádíìsì tí Miqdām ọmọ Maʿdīkarib gbà wá, tí ó wà nínú àkójọ Tirmidhī, gbogbo wa ni a mọ̀ ọ́n, òun ni ó pín ikùn sí ọ̀nà mẹ́ta láàárín oúnjẹ, omi àti èémí. Èyí tí a kì í sábà gbọ́ lórí mínbárì ni ti Salmān àti Abū Dardāʾ, tí Bukhārī gbà wá. Abū Dardāʾ ń gba ààwẹ̀ lọ́sàn-án, ó ń kírun lóru, títí tí ìyàwó rẹ̀ pàápàá fi sọ ìtọ́jú ara nù. Salmān ni ó dá a dúró, tí ó ní kí ó jẹun, kí ó sùn, tí ó sì rán an létí pé ẹ̀mí rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀, bí àwọn ará ilé rẹ̀ ti ní. Nígbà tí ẹjọ́ náà dé iwájú Ànábì, ti Salmān ni ó fi ọwọ́ sí. Bí ó bá jẹ́ pé a lè fi ìjọsìn pàápàá gba ẹ̀tọ́ ara lọ́wọ́ rẹ̀, mélòómélòó ni fífo okùn?

Ti eré sísá náà wà nínú àkójọ Abū Dāwūd. Ìyá wa Àíṣà sọ pé òun àti Ànábì sáré ìje ní ìrìn-àjò, òun sì borí. Nígbà tí ó yá tí òun ti sanra, wọ́n tún sá a, Ànábì sì borí. Ẹ wò ó pé ìyá wa sọ ọ̀rọ̀ ìsanra náà ní gbangba láìsí ìtìjú. Àwọn tí wọ́n sì ń sọ pé eré ìdárayá kì í ṣe ti obìnrin Mùsùlùmí, kí wọ́n lọ ka hádíìsì yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i.

Wàyí o, kí ni kálórì? Kálórì kì í ṣe nǹkan tí ó wà nínú oúnjẹ bí iyọ̀ ti wà nínú ọbẹ̀. Òṣùwọ̀n ni, bí kóńgò ti jẹ́ òṣùwọ̀n gàrí. A fi ń wọn agbára tí oúnjẹ fún ara, a sì fi ń wọn agbára tí ara ná. Gíráàmù kan òróró tàbí ọ̀rá ń mú nǹkan bí kálórì 9 wá. Gíráàmù kan èlùbọ́, ìrẹsì tàbí ṣúgà ń mú 4 wá, bẹ́ẹ̀ náà ni purotéènì tí ó wà nínú ẹran, ẹja, ẹyin àti ẹ̀wà. Ìdí nìyí tí ṣíbí ìjẹun ńlá kan epo pupa fi ń tó 120, nígbà tí odidi ẹyin sísè kan kò ju nǹkan bí 75 lọ. Igo mínírà aládùn 50cl ń súnmọ́ 210. Gíráàmù 100 gàrí gbígbẹ, kí a tó da omi sí i, ń tó 350. Ẹ̀pà yíyan ìwọ̀n kan náà ju 550 lọ, òun sì ni àwọn ènìyàn ń jẹ bí ẹni ń ṣeré lẹ́yìn oúnjẹ tí wọn kì í kà á sí oúnjẹ.

Ní ti ìnáwó, ara kì í dúró de eré ìdárayá kí ó tó ná agbára. Bí a bá sùn sílẹ̀ láti òwúrọ̀ dé alẹ́, ọkàn ń lù, ẹ̀dọ̀ ń ṣiṣẹ́, ọpọlọ ń ṣiṣẹ́, ara ń móoru. Fún ẹni tí kò ṣe iṣẹ́ agbára, ibẹ̀ ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú ìnáwó ojoojúmọ́ ń gbà lọ. Ìlànà ìṣirò kan wà tí Mifflin àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1990, tí àwọn onímọ̀ oúnjẹ ṣì ń lò títí di òní. Fún obìnrin, a ó sọ ìwọ̀n kílò rẹ̀ di ìlọ́po 10, a ó sọ gíga rẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà di ìlọ́po 6.25, a ó ro méjèèjì pọ̀, a ó yọ ìlọ́po 5 ọjọ́ orí rẹ̀ kúrò, a ó tún yọ 161. Fún ọkùnrin, dípò kí á yọ 161, 5 ni a ó fi kún un.

Ẹ jẹ́ kí á mú arábìnrin kan, ọmọ ọdún 24, tí ó ga ní sẹ̀ǹtímítà 162, tí ó sì wọn kílò 78. Ìṣirò rẹ̀ yóò fún wa ní nǹkan bí 1,510. Èyí ni ti ẹni tí ó sùn sílẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ó ń jókòó níbi iṣẹ́ tí kì í sì í ṣe eré kankan, a ó sọ ọ́ di ìlọ́po 1.2, yóò tó nǹkan bí 1,800. Bí ó bá ń rìn kánkán lọ́jọ́ mélòó kan láàárín ọ̀sẹ̀, ìlọ́po 1.375 ni a ó lò, yóò sì tó nǹkan bí 2,080. Ẹ fi ọwọ́ sí orí nọ́ńbà méjì yìí, 1,800 àti 2,080, nítorí pé láàárín wọn ni ìdáhùn ìbéèrè wa fi ara pamọ́ sí.

Ẹni tí ó bá fẹ́ dín kù, kí ohun tí ó ń jẹ kéré sí ohun tí ara rẹ̀ ń ná. Bí arábìnrin wa bá fi 400 sílẹ̀ lóòjọ́, 2,800 ni yóò jẹ́ lọ́sẹ̀. Ọ̀rá ara kílò kan ní nǹkan bí 7,700 nínú. Nítorí náà, ohun tí yóò bọ́ lára rẹ̀ lọ́sẹ̀ kò ní tó ìlàjì kílò, bí ó bá sì ti ń fúyẹ́ ni ìnáwó ara rẹ̀ náà yóò máa dín kù, tí ìyára náà yóò sì máa rọlẹ̀. Ẹni tí ó bá ṣe ìlérí kílò 10 lóṣù kan fún yín, ẹ sá fún un.

Nísinsìnyí, ó rìn fún ìṣẹ́jú 45. Àwọn onímọ̀ máa ń wọn iṣẹ́ ara pẹ̀lú jíjókòó jẹ́ẹ́: jíjókòó jẹ́ẹ́ ń gba nǹkan bí kálórì 1 fún kílò kan ní wákàtí kan, ìrìn tí ó tó kìlómítà 5 ní wákàtí sì jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta àti ààbọ̀ rẹ̀. Fún kílò 78, ìṣẹ́jú 45 yóò jẹ́ nǹkan bí 205. Aago ọwọ́ lè gbé 205 yìí síwájú rẹ̀, inú rẹ̀ á sì dùn. Ṣùgbọ́n bí ó bá jókòó sílé ní ìṣẹ́jú 45 yẹn, ara rẹ̀ ì bá ti ná nǹkan bí 58 bẹ́ẹ̀ náà. A ti ka 58 yìí mọ́ 1,800 láti òwúrọ̀. Èyí tí ìrìn náà mú wá ní tòótọ́ kò ju nǹkan bí 146 lọ. Ẹni tí ó bá gba 205 gbọ́ dà bí oníṣòwò tí ó ka ojú owó mọ́ èrè, tí ó wá ń ná gbogbo rẹ̀.

Kò tán síbẹ̀. Ní ọdún 2021, àwọn onímọ̀ gbé ìwádìí kan jáde tí wọ́n ṣe lórí àgbàlagbà tí ó lé ní 1,700, wọ́n sì rí i pé bí ara bá ti ń ṣiṣẹ́ sí i, ó ń fún ọwọ́ pọ̀ níbòmíràn. Nínú kálórì 100 tí eré mú wá, nǹkan bí 72 ni ó ń hàn nínú ìnáwó gbogbo ọjọ́, ara ti fi ọgbọ́n rẹ̀ dín ìyókù kù. Àpapọ̀ àwọn ènìyàn náà ni èyí, ti ẹnì kan yàtọ̀ sí ti ẹlòmíràn. Ìwádìí kan tún wà tí ó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n, ti ọdún 2009, lórí àwọn obìnrin ìgbèríko ní Nàìjíríà àti àwọn obìnrin adúláwọ̀ ní Amẹ́ríkà. Wọ́n fi ọdún mélòó kan ṣọ́ wọn, wọ́n sì rí i pé iye agbára tí obìnrin kan ń fi ṣiṣẹ́ kò lè sọ ẹni tí yóò sanra àti ẹni tí kò ní sanra. Àwọn tí wọ́n rò pé oko ni ó mú ìyá wa àgbà tẹ́ẹ́rẹ́, kí wọ́n wo inú ìkòkò ìyá wa àgbà pẹ̀lú. Kò sí mínírà níbẹ̀, epo tí ó ń ṣẹ́ sí ọbẹ̀ sì níye.

Aago ọwọ́ náà ńkọ́? Ní ọdún 2017, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Stanford dán irú aago bẹ́ẹ̀ 7 wò. Wọ́n mọ ìlù ọkàn kà dáadáa. Ní ti kálórì, èyí tí ó dára jù nínú wọn ń ṣìnà pẹ̀lú ìdá 27 nínú ọgọ́rùn-ún, èyí tí ó burú jù ń ṣìnà pẹ̀lú 93. Ẹ̀rọ lè yí padà láti ìgbà náà, ṣùgbọ́n a kò ní fi iye tí ó kọ síbẹ̀ bu oúnjẹ sínú àwo.

Bí a bá wá fi ẹ̀rọ sílẹ̀, tí a gba ara wa gbọ́, ṣé yóò sàn? Kò sàn rárá. Ní ọdún 2010, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Ottawa ní Kánádà ní kí àwọn ènìyàn kan rìn lórí ẹ̀rọ, kí wọ́n fojú díwọ̀n ohun tí wọ́n ná, kí wọ́n sì wá bu oúnjẹ tí ó bá a dọ́gba. Ohun tí wọ́n rò pé wọ́n ná jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta sí mẹ́rin ohun tí wọ́n ná gan-an, oúnjẹ tí wọ́n bù sì tó ìlọ́po méjì sí mẹ́ta. Ní ọdún 1992 ẹ̀wẹ̀, ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà mú àwọn kan tí wọ́n ń sọ pé àwọn kì í jẹun tó báyìí, síbẹ̀ àwọn kò dín kù. Nígbà tí wọ́n wọ̀n wọ́n, ohun tí wọ́n jẹ ju ohun tí wọ́n sọ lọ dáadáa, nítorí pé nǹkan bí ìdá 47 nínú ọgọ́rùn-ún ni kò wọ inú àkọsílẹ̀ wọn, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi nǹkan bí ìdajì bù kún eré tí wọ́n ṣe. A kò pe ẹnikẹ́ni ní òpùrọ́. Bí ojú ènìyàn ṣe rí nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí á wá dáhùn. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí kí olúkúlùkù bi ara rẹ̀ ni pé: ìwọ̀n oúnjẹ tí mo là sílẹ̀, ṣé eré ti wà nínú rẹ̀, tàbí kò sí?

Bí arábìnrin wa bá gbé ìṣirò rẹ̀ ka orí 2,080, tí ó yọ 400, tí ó ń jẹ 1,680, ìrìn rẹ̀ ti wà nínú rẹ̀. A ti san owó rẹ̀ fún un ṣáájú. Bí ó bá tún wá jẹ 205 padà lẹ́yìn ìrìn, ó gba owó iṣẹ́ kan lẹ́ẹ̀mejì nìyẹn. Ohun tí ó kù nínú 400 rẹ̀ yóò di 195, ṣíbí epo kan àti ààbọ̀ tí kò kà yóò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé gbogbo rẹ̀ lọ. Èyí gan-an ni ọ̀rọ̀ ẹni tí ó sáré oṣù mẹ́ta tí òṣùwọ̀n kò mì. Kì í ṣe àsàsí, kì í ṣe pé ara rẹ̀ kò gba eré. Irú ẹni báyìí kò gbọ́dọ̀ jẹ ohunkóhun padà.

Bí ó bá jẹ́ pé orí 1,800 ni ó gbé e kà, tí ó ń jẹ 1,400, ìrìn rẹ̀ kò sí nínú rẹ̀. Síbẹ̀, fún ìrìn ìṣẹ́jú 30 tàbí 45, a kò rí ìdí tí yóò fi jẹ nǹkan padà, nítorí pé ohun tí ó mú wá kéré ju àṣìṣe tí ó wà nínú bíbu oúnjẹ fúnra rẹ̀ lọ. Bí ebi bá pa á gidi, kí ó jẹ ẹyin sísè kan, kí ó mu omi. Kí ó má sì tìtorí pé ó fẹ́ kánjú bọ́ sí ìsàlẹ̀ 1,200. Àwọn onímọ̀ oúnjẹ kì í fẹ́ kí obìnrin débẹ̀ láìsí dókítà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ti eré líle yàtọ̀. Arákùnrin tí ó wọn kílò 85, tí ó gbá bọ́ọ̀lù fún wákàtí kan àti ààbọ̀, bọ́ọ̀lù àárín ọ̀rẹ́ jẹ́ nǹkan bí ìlọ́po 7 jíjókòó jẹ́ẹ́. Tí a bá yọ ti jíjókòó kúrò, ó kù nǹkan bí 765, bí ó bá sáré ní tòótọ́ tí kì í ṣe pé ó ń dúró ní iwájú gọ́ọ̀lù àwọn ẹlẹ́gbẹ́ kejì tí ó ń dúró de bọ́ọ̀lù. Bí bọ́ọ̀lù yìí kò bá sí nínú ìṣirò rẹ̀, tí ó wá kọ̀ láti jẹ ohunkóhun kún un, ní alẹ́ ni ebi yóò wá gba ẹ̀san, tí yóò jẹ odidi búrẹ́dì kan pẹ̀lú bọ́tà. Fún irú ẹni báyìí, ohun tí a rí pé ó tọ́ ni kí ó jẹ nǹkan bí ìdajì padà, kí ó fi ìdajì yòókù sílẹ̀ fún gbogbo àṣìṣe tí a ti kà sókè yìí. Ẹ̀wà sísè gíráàmù 200, ẹyin kan, àti ìlàjì ṣíbí epo kò ní ju nǹkan bí 365 lọ, ó ní purotéènì tí yóò tún iṣan rẹ̀ ṣe, yóò sì dúró nínú rẹ̀ pẹ́. Ohun tí a sábà máa ń rí ní ẹ̀gbẹ́ pápá ni igo mínírà méjì. Kálórì 420 nìyẹn, kò tíì jẹun.

Nípa òṣùwọ̀n, ẹ má ṣe gun un lẹ́yìn bọ́ọ̀lù kí ẹ wá máa yọ̀. Omi tí ó bá òógùn lọ ni ó dín, lítà omi kan sì jẹ́ kílò kan. Ẹ mu ún padà, òun kò ní kálórì kankan. Òwúrọ̀ ni kí ẹ máa gun òṣùwọ̀n, kí ẹ tó jẹun, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin wò ó pọ̀. Àwọn arábìnrin, ẹ mọ̀ pé omi máa ń kún ara nígbà tí nǹkan oṣù bá súnmọ́lé, nítorí náà ẹ fi ọ̀sẹ̀ oṣù yìí wé irú ọ̀sẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní oṣù tí ó kọjá. Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin bá fi hàn pé ohun tí ó ń bọ́ lára yín ju kílò kan lọ lọ́sẹ̀, tí ó sì ń rẹ̀ yín, ẹ fi oúnjẹ kún un, ohun yòówù kí ìṣirò sọ. Òṣùwọ̀n ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ju aago ọwọ́ lọ ní òótọ́.

Nǹkan kan wà tí a fẹ́ dúró lé lórí díẹ̀, nítorí pé a kì í sọ ọ́ tó. Ní ọdún 2014, Ìgbìmọ̀ Òlíńpíìkì Àgbáyé fún ìṣòro kan ní orúkọ tí àwọn dókítà ti ń rí tipẹ́tipẹ́ lára àwọn ọmọbìnrin eléré ìdárayá, tí ó sì ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn ọkùnrin náà. Bí eré bá pọ̀ tí oúnjẹ kò sì tó láti gbé e, ara á bẹ̀rẹ̀ sí í ti àwọn yàrá kan pa bí ilé tí iná rẹ̀ kò ká gbogbo yàrá. Nǹkan oṣù á dáwọ́ dúró, egungun á di ẹlẹgẹ́, òtútù á máa mú ènìyàn láìnídìí, ìbínú á yá, àìsàn kékeré kò ní fẹ́ lọ. Arábìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ dáwọ́ dúró fún oṣù mẹ́ta láìsí oyún, kí ó lọ rí dókítà, kí ó má sì rò pé ìsinmi ni Ọlọ́hun fún òun. Ó kan egungun rẹ̀, ó sì kan àdínì rẹ̀, nítorí ìrun wà níbẹ̀, ààwẹ̀ wà níbẹ̀, kíka ìdà wà níbẹ̀ fún ẹni tí ó bá kàn. Ẹni tí ó ti tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́lẹ̀ tí ó ń sáré nítorí àlàáfíà, òun gbọ́dọ̀ jẹ gbogbo ohun tí ó ná padà, ọ̀rọ̀ ìdajì kò kàn án.

Àwọn kan sì wà tí a kò bá sọ ẹ̀kọ́ yìí rárá: aláboyún, ìyá tí ó ń fún ọmọ lọ́mú, ọmọ tí ó ṣì ń dàgbà, ẹni tí ó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, àti ẹni tí ó ń lo oògùn àtọ̀gbẹ, nítorí pé ṣúgà ara rẹ̀ lè já wálẹ̀ lójijì bí eré àti ebi bá pàdé. Dókítà wọn ni kí wọ́n bi.

A mọ̀ pé ilé ni iṣẹ́ náà ti le. Ilẹ̀ wa ni ènìyàn á ti fọn díẹ̀ tí àwọn ará àdúgbò á fi béèrè bóyá ara rẹ̀ yá, tàbí bóyá ọkọ rẹ̀ kò fún un lówó oúnjẹ mọ́. Bí a bá sì ti òde eré dé, ìyá wa á ti bu ẹ̀bà kalẹ̀ tí ó ga bí òkè, á ní, "Ọmọ mi, ó ti rẹ̀ ọ́, wá jẹun." Ẹ má ṣe gbé kálórì kalẹ̀ níwájú ìyá yín, ẹ má sì jẹ́ kí ó rò pé ẹ kọ oúnjẹ òun. Ẹ dúpẹ́, ẹ ṣe Bísímíláì, ẹ jẹ ẹran àti ẹ̀fọ́ inú ọbẹ̀ náà ṣáájú, kí ẹ sì bẹ̀ ẹ́ kí ó bá yín bo èyí tí ó kù di ọjọ́ kejì. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, òun náà á mọ ìwọ̀n tí yóò máa bù.

Ó kù ti oṣù Ramadan. Àwọn kan máa ń fi oṣù ààwẹ̀ ṣe oṣù ìfọn, kí ẹ tó mọ̀, wọ́n ti sanra sí i ní ọjọ́ Ìtùnú. Kò yani lẹ́nu. Láti ìsínu dé sààrì, wọ́n ń jẹ ojúmọ́ kan tí wọn kò jẹ padà, wọ́n tún ń fi àkàrà, dùndún àti mínírà lé e, pé ebi pa àwọn lọ́sàn-án. Ní ti àníyàn, ẹ rántí pé ẹni tí ó bá gba ààwẹ̀ nítorí òṣùwọ̀n nìkan, ó ti fi ebi pa ara rẹ̀ lásán ni. Ẹni tí ó gbà á nítorí Ọlọ́hun tí ara rẹ̀ sì fúyẹ́ pẹ̀lú, kò sí ẹ̀bi lórí rẹ̀. Fún ẹni tí ó fẹ́ ṣe eré ìdárayá nínú oṣù náà, ìrìn pẹ̀lẹ́ díẹ̀ ṣáájú ìsínu ti tó, nítorí pé omi ti súnmọ́lé. Eré líle, ó di ẹ̀yìn ìsínu, nígbà tí ó lè mu omi tí ó sì lè jẹ ìdajì rẹ̀ padà ní sààrì pẹ̀lú ẹ̀wà tàbí ẹyin.

Arákùnrin kan béèrè lọ́wọ́ wa ní ọdún tó kọjá pé kálórì mélòó ni ìrun Tarāwīh ń gbà, kí òun lè mọ iye dàbínù tí òun yóò jẹ padà. A rẹ́rìn-ín títí. A sọ fún un pé dàbínù kékeré kan kò ju nǹkan bí 20 lọ, kí ó jẹ mẹ́ta, kí ó sì lọ kírun rẹ̀.